Kárọ́ọ̀tì Kì Í Ṣe Oúnjẹ Àríyá Nìkan

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni kì í ra kárọ́ọ̀tì àfi bí àríyá bá dé. Wọn yóò gé e mọ́ ewé sàláàdì, wọn yóò sì da kíríìmù inú ìgò lé e lórí. Bí òde bá ti tú, ó di ìgbà mìíràn. Èrò tiwa ni pé àṣà yìí ń fi oúnjẹ rere du àwọn ọmọ wa. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jẹ ẹ́.

Ní ọdún 1937, ìjọba Stalin fi tipátipá kó àwọn ará Kòríà tí ń gbé ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Rọ́ṣíà lọ sí Ùsìbẹ̀kísítánì àti Kàsàkísítánì ní àárín gbùngbùn Éṣíà. Irú kábéèjì tí wọ́n fi ń ṣe kimchi, oúnjẹ kíkan wọn, ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n kárọ́ọ̀tì pọ̀. Òun ni wọ́n mú lò. Títí di òní ni wọ́n ń tà á lọ́jà níbẹ̀.

Kò sí èròjà rẹ̀ tí a kò ní lọ́jà tiwa. Ẹ fi omi mímọ́ fọ kárọ́ọ̀tì mẹ́rin dáadáa, ẹ ha èèpo rẹ̀, kí ẹ sì rin ín tàbí kí ẹ gé e tín-ín-rín. Ẹ fi ìwọ̀nba iyọ̀ sí i, àti ṣíbí ìjẹun kan fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ gún ááyù díẹ̀ àti ata gbígbẹ lé e. Ẹ gbé ṣíbí ìjẹun méjì òróró ẹ̀pà kaná. Bí ó bá gbóná, ẹ rọra dà á lé ááyù àti ata náà, kí ẹ sì pò ó pọ̀. Kò gba àkókò rárá.

Òróró yẹn kì í ṣe fún adùn nìkan. Ohun tí ó fún kárọ́ọ̀tì ní àwọ̀ rẹ̀ ni ara ń sọ di fítámínì A, èyí tí ń jẹ́ kí ojú ríran ní àṣálẹ́, tí ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti bá àrùn jà. Bí kò bá sí ọ̀rá nínú oúnjẹ, díẹ̀ ni ara yóò rí mú nínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé epo pupa àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Òótọ́ ni, ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n, kárọ́ọ̀tì lè dúró fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ọmú nìkan ni ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Kárọ́ọ̀tì tútù lè há ọmọ kékeré lọ́fun. Ẹ sè é kí ó rọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi epo díẹ̀ sí i. Kò sì lè rọ́pò fítámínì A tí a ń kán sẹ́nu ọmọ oṣù 6 sí 59 ní ilé ìwòsàn. Ọmọ tí kò bá ríran ní àṣálẹ́, ẹ tètè gbé e lọ síbẹ̀.

Ẹ má dúró de ọjọ́ àríyá kí àwọn ọmọ yín tó jẹ kárọ́ọ̀tì.