Obìnrin orí àga pupa náà ní orúkọ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ wà ní Boston, bí ẹ bá dé Museum of Fine Arts, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá àwòrán kan tí Paul Cézanne, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ọ̀dà olóròóró kùn ní nǹkan bí ọdún 1877. Obìnrin kan ni ó jókòó sórí àga pupa, ó fi ìka kọ́ ìka lórí itan. Kò rẹ́rìn-ín. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà ti pè é ní olójú kíkorò, wọ́n ní ìfẹ́ kò sí láàrin òun àti Cézanne. Èmi kò gbà.

Cézanne kì í yára. Ambroise Vollard, oníṣòwò àwòrán tí òun náà jókòó fún un ní 1899, sọ pé ìgbà 115 ni òun jókòó, síbẹ̀ àwòrán náà kò parí. Bí òun bá sì mira díẹ̀, baba náà a bínú, a ní ṣé èso ápù a máa mira ni? Ta ni yóò rẹ́rìn-ín nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀? Nǹkan bí 29 ni àwòrán ọlọ́dà tí Cézanne yà nípa obìnrin yìí. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe lórí àga yẹn. Ẹni tó bá rò pé kò le, kí ó jókòó láìmira títí iṣu orí iná yóò fi jinná.

Èyí tó tún dùn mí jù ni ti orúkọ. “Madame Cézanne” ni wọ́n pe àwòrán náà, bẹ́ẹ̀ ní 1877 Cézanne kò tíì gbé e níyàwó. Hortense Fiquet ni orúkọ rẹ̀. Ó ti bí ọmọkùnrin fún un láti 1872, ṣùgbọ́n Cézanne ń fi ìyá àti ọmọ pamọ́ fún baba rẹ̀, olówó tó ni báńkì ní Aix, kí owó tí baba ń fún un má baà dáwọ́ dúró. Ó di 1886 kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Nígbà tí orúkọ ìyàwó ìbá wúlò fún un, wọ́n fi dù ú. Nígbà tó kú tán, òun nìkan ni wọ́n rí pè é.

Ẹlòmíràn yóò ní àwa náà a máa ń pe obìnrin ní Ìyá Délé. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ará ilé tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ àbísọ rẹ̀, ó tún mọ oríkì rẹ̀. Àwọn tó ń kọ àkọlé sára ògiri mùsíọ̀mù náà mọ Hortense Fiquet dáadáa. Kí wọ́n kọ ọ́ sókè, kí ti ọkọ tẹ̀lé e.