Ẹ Má Fojú Kéré Gúrúdì

  Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kò ga ju orí ẹnikẹ́ni lọ, ọ̀rọ̀ ohun jíjẹ ni. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí oríṣìí bisikíìtì mẹ́rin tí ìyálé ilé lè yan nínú ilé ara rẹ̀, àti èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ olórí láàárín wọn fún àwa tí a ń gbé etíkun Àgbádárìgì.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ládàní mọ́sálásí ń wá ní ìdí ààrò. Ìdáhùn mi kò jìnnà. Wọ́n bi ìyá wa Áíṣà, kí Ọlọ́run yọ́nú sí i, léèrè ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, máa ń ṣe nínú ilé. Ó dáhùn pé a máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́, bí àkókò ìrun bá sì tó, a dìde lọ kírun. Bí iṣẹ́ ilé kò bá rẹ Ànábì sílẹ̀, kò lè rẹ ládàní Mowo sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ní ọdún 2022, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine, àlìkámà gbówó lórí káàkiri ayé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba wa tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, náírà sì wálẹ̀ púpọ̀. Òótọ́ ni pé àlìkámà ń hù díẹ̀ ní òkè ọya, ní Kánò, ní Jígáwá àti ní Bọ̀nọ́, ṣùgbọ́n kò tó wa jẹ. Ọkọ̀ òkun ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá. Nítorí náà, bí owó òkèèrè bá gbówó lórí, ìyẹ̀fun a gbówó lórí, bisikíìtì inú páálí a dínkù, iye tí a ń tà á a sì pọ̀ sí i.

Bí ọjọ́ Ìtùnú Ààwẹ̀ bá wá kù díẹ̀, ìnira a dé bá ọ̀pọ̀ ìyá. Àwọn ọmọ àdúgbò yóò wọ aṣọ tuntun, wọn yóò máa ti ilé dé ilé kí àwọn àgbà kú ọdún, wọn yóò sì máa wo ọwọ́ onílé. Ìyá kan a ra páálí bisikíìtì láwìn, gbèsè rẹ̀ a sì wà lọ́rùn rẹ̀ títí di Iléyá. Òmíràn a fọwọ́ kan owó ìwé ọmọ. Òmíràn a ti ilẹ̀kùn mọ́rí, a dákẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé. Bẹ́ẹ̀ ni àgbọn ń bẹ lẹ́yìn ilé, ẹ̀gẹ́ sì ń bẹ nínú oko. Àìní kọ́ ni ó ti ilẹ̀kùn yẹn, ìtìjú ni. A ti gbà pé ohun tí kò bá ti inú páálí jáde kò yẹ àlejò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ànábì wa pe àwọn obìnrin mùsùlùmí, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé kí aládùúgbò má ṣe fojú kéré ẹ̀bùn tí yóò fún aládùúgbò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ṣe pátákò àgùntàn. Bí pátákò àgùntàn kò bá kéré, ṣé gúrúdì ni yóò wá kéré?

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìtàn díẹ̀. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ wá sí etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀ láti ilẹ̀ Brazil ní nǹkan bí irinwó ọdún ó lé sẹ́yìn. Àwọn náà ni wọ́n mú àgbọn wá sí apá ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn tí Vasco da Gama ti rí ọ̀nà òkun dé ilẹ̀ Íńdíà ní 1498. Àlejò ni àwọn méjèèjì nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí àlìkámà ti jẹ́ àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ àti àgbọn ti di ọmọ ilé, wọ́n ti ta gbòǹgbò nínú iyanrìn wa. Àlìkámà ṣì ń san owó ọkọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó parí ní 2007, àṣẹ jáde pé kí a máa da ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ìyẹ̀fun búrẹ́dì ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Gúrúdì ti àwọn ìyá wa ní Àgbádárìgì àti Èkó kò ní ìyẹ̀fun àlìkámà kankan nínú.

Nísisìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ ilé ìdáná.

ÈKÍNNÍ: GÚRÚDÌ. Ẹ bó ẹ̀gẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ rin ín bí ẹni fẹ́ ṣe gàárì. Ẹ fi omi púpọ̀ pò ó, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì. Ẹ gbé omi funfun náà kalẹ̀ fún wákàtí mélòó kan títí ṣítáàṣì yóò fi jókòó sí ìsàlẹ̀. Ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ bu omi tuntun sí i, ẹ rò ó, kí ẹ sì tún jẹ́ kí ó jókòó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má kánjú níhìn-ín, nítorí pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́, èyí tí ó korò sì ní púpọ̀ ju èyí tí kò korò lọ. Rírin àti omi tí a ń dà nù ni ó ń gbé oró náà lọ. Ẹ má sì da omi náà sí ibi tí ewúrẹ́ lè mu ún.

Bí ṣítáàṣì bá ti gbẹ omi dànù, tí ó kù díẹ̀ kí ó gbẹ pátápátá, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ kúnná. Ẹ wọn ife 3 nínú rẹ̀. Ẹ fi ife 1 àti ààbọ̀ àgbọn rínrin sí i, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife ṣúgà, àti iyọ̀ ìwọ̀n èyí tí ìka méjì lè mú. Ẹ fi ọwọ́ rà wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi dà bí iyanrìn tútù. Bí kò bá dì mọ́ra, ẹ wọ́n omi àgbọn ṣíbí kan sí i, kò gbọdọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa páànù, ẹ tẹ́ ẹ sí i pẹlẹbẹ, kí ó tín-ín-rín bí owó onírin méjì tí a tò lé ara wọn. Ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà sí i kí ó tó wọ iná, kí ó lè rọrùn láti ṣẹ́. Iná díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ lò, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 sí 30, títí etí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Bí ó bá jáde tí ó ṣì rọ̀, ẹ má bẹ̀rù, bí ó bá tutù ni yóò máa ró kàká lẹ́nu.

ÈKEJÌ: ṢÚKÚṢÚKÚ. Ife 1 àgbọn rínrin, ìdá kan nínú mẹ́rin ife ṣúgà, pupa ẹyin 3. Ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ ká a róbótó-róbótó bí èso kékeré. Ẹ yí i nínú ìlàjì ife ìyẹ̀fun, tàbí kí ẹ lo ṣítáàṣì gbígbẹ bí ìyẹ̀fun bá wọ́n. Ẹ yan án fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ má da funfun ẹyin nù, ẹ dín in fún àwọn ọmọ ní òwúrọ̀.

ÈKẸTA: BISIKÍÌTÌ Ẹ̀PÀ. Ẹ yan ẹ̀pà, ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ láìfi omi sí i títí yóò fi máa fa. Ife 1 ẹ̀pà lílọ̀, ife 1 ṣúgà (ẹni tí kò fẹ́ dídùn púpọ̀ lè dín in kù díẹ̀), ẹyin 1. Ìyẹ̀fun kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ ká a, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ yan án fún ìṣẹ́jú 10 sí 12. Kí a ṣa ẹ̀pà náà dáadáa kí a tó yan án. Èyí tí ó bá ti bu, ààtàn ni kí ó lọ, nítorí pé oró tí ń bẹ nínú ẹ̀pà bíbu kì í kú sínú iná. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ kí ẹ tó fún ọmọ rẹ̀ jẹ, nítorí pé ara ẹlòmíràn kò gba ẹ̀pà.

ÈKẸRIN: BISIKÍÌTÌ BỌ́TÀ. Èyí ni ti àwọn ará Scotland, òun nìkan ni ó fẹ́ ìyẹ̀fun àlìkámà púpọ̀. Orí òṣùwọ̀n ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n: ìwọ̀n 1 ṣúgà, ìwọ̀n 2 bọ́tà, ìwọ̀n 3 ìyẹ̀fun. Ẹ fi ọwọ́ rà wọ́n títí wọn yóò fi di ara wọn mú, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ gé e, ẹ sì yan án lórí iná pẹ̀lẹ́ títí etí rẹ̀ yóò fi fẹ́ pọ́n. Ó dùn, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó bọ́tà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi í sí ìkẹyìn nítorí ìdí yìí.

Ìyá tí kò ní ààrò búrẹ́dì, kò tíì bọ́. Ẹ wá ìkòkò irin tí ó nípọn tí ó sì ní ọmọrí. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ tí ó mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó ga tó ìka méjì. Ẹ dé e, ẹ gbé e ka iná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ to òkúta kéékèèké 3 sórí iyanrìn náà, ẹ gbé páànù lé e, ẹ dé e, kí ẹ sì kó ẹyin iná díẹ̀ sórí ọmọrí, kí ooru lè ti òkè ti ìsàlẹ̀ wá. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò. Bí ìdí rẹ̀ bá jó kí orí rẹ̀ tó gbẹ, ẹ dín iná ìsàlẹ̀ kù. Kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jìnnà sí ibẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti jinná, ẹ jẹ́ kí ó tutù tán kí ẹ tó kó o sínú agolo. Bí ẹ bá dé e nígbà tí ó ṣì gbóná, oru yóò rọ̀ ọ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì yóò sì bá a bí àmàlà àná. Ẹ jẹ ti àgbọn tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé òróró àgbọn a máa kan. Ẹ rántí àwọn àgbà tí ó ní àtọ̀gbẹ pẹ̀lú. Ṣítáàṣì àti ṣúgà kò bá ara wọn mu, kí wọn fi ẹyọ kan tọ́ ọ wò, kí wọn fi ìyókù sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ọmọbìnrin, tàbí ọmọkùnrin tí ó fẹ́ iṣẹ́, ẹ kọ́ wọn ní èyí. Ẹni tí ó bá mọ gúrúdì yan dáadáa ti ní ohun títà. Ṣùgbọ́n kí ó ka iye àgbọn, ẹ̀gẹ́, ṣúgà, èédú, ọ̀rá àti làálàá ara rẹ̀ kí ó tó dá iye lé ọjà. Kí ó má sì fi èyí tí ó ti rọ̀ sí abẹ́ èyí tí ó ró. Ọjà tí a fi ẹ̀tàn tà, bùkún rẹ̀ a sá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ohun tálákà ni èyí. Ní ilẹ̀ Brazil títí di òní, bisikíìtì tí a fi ṣítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe, tí wọ́n ń pè ní biscoito de polvilho, ni olówó àti tálákà ń jẹ. Àwọn Ewe ní Gánà àti Tógò ń dín agbeli kaklo láti inú ẹ̀gẹ́, wọ́n a sì fi àgbọn jẹ ẹ́. Ní Íjíbítì, bí Ìtùnú bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, ìyá, ọmọ àti aládùúgbò a pagbo yan bisikíìtì tí wọ́n ń pè ní kahk, wọn a sì gbé e fún ara wọn láti ilé dé ilé. Ní Síríà àti Lẹ́bánọ́nì, ma'amoul ni tiwọn, tí wọ́n ń fi dàbínù sí inú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tijú nínú wọn, nítorí pé ohun tí ilẹ̀ wọn fún wọn ni wọ́n fi ṣe àlejò.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ẹ̀yin ni ẹ ó gun àgbọn, ẹ̀yin ni ẹ ó wa ẹ̀gẹ́. Ẹ má sì fi ojú burúkú wo àwo gúrúdì nígbà tí ọ̀rẹ́ yín bá wọlé. Bí ẹ bá kọ́kọ́ mú ẹyọ kan, tí ẹ ní "Bísímílà", àlejò náà yóò bá yín mú un, ìyá ilé yóò sì gbé orí rẹ̀ sókè.

Kí Ọlọ́run bùkún ọwọ́ tí ń se oúnjẹ àti ẹnu tí ń jẹ ẹ́. Kí ó má jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ọjọ́ ayọ̀. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.