Ọjọ́ Mẹ́ta Kò Tó Dá Ìjọ Sílẹ̀

Ó ti di àṣà láàrin wa pé bí ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ bá dé, a ó kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ jọ, a ó wọ bọ́ọ̀sì, a ó sì gba abúlé kan lọ láti wàásù. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta a ó ka iye àwọn tí ó nawọ́, a ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ní ọjọ́ kẹrin a ó fi orin ayọ̀ padà sílé. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo wí pé àṣà yìí kò dára, n kò sì ní fi í pamọ́.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ìwàásù. Iṣẹ́ mi ni. Ìkánjú tí ó sọ orúkọ ènìyàn di ìkórè ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn aṣíwájú wa ti lo ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní, ọdún 1845, Àlùfáà Henry Townsend, Àlùfáà C. A. Gollmer àti Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti Sàró. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, nítorí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti gba Townsend tọwọ́tẹsẹ̀ ní ọdún 1843. Ṣùgbọ́n ìròyìn dé bá wọn pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ogun sì dí ọ̀nà. Oṣù 18 ni wọ́n fi dúró ní Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni ìyàwó Gollmer kú sí. Crowther ń wàásù ní èdè Yorùbá, ó sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ lọ. Èso tí wọ́n rí kò pọ̀, síbẹ̀ wọn kò padà.

Oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Townsend àti Crowther tó wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, Crowther fojú kan ìyá rẹ̀, ẹni tí ogun ẹrú ti yà á nípá láti ọdún 1821. Ta ni ó yẹ kí ọmọ kánjú rì bọmi ju irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ? Síbẹ̀, ọjọ́ 5 oṣù kejì, ọdún 1848, ni ìyá náà tó gba ìrìbọmi, tí a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ó lé ní oṣù 17 tí a fi ń kọ́ ọ. Bí ọmọ kò bá kánjú lórí ìyá tí ó bí i, kí ni àwa fi ń kánjú lórí ìyá oníyàá?

Ẹnìkan yóò wí pé: "Tíṣà, ṣebí ọjọ́ kan náà tí Fílípì pàdé ìwẹ̀fà ará Etiópíà ni ó rì í bọmi?" Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé wòlíì ni ìwẹ̀fà náà ń kà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí Fílípì tó dé. Ilẹ̀ tí a ti ro ni Fílípì bá. Àwa a bá igbó, a kò sì mú ọkọ́ lọ́wọ́.

Èmi pàápàá jẹ̀bi. Nígbà èwe mi, a lọ sí abúlé kan, a pín ọṣẹ àti iyọ̀, orúkọ àwọn tí wọ́n ní àwọn gbàgbọ́ sì kún ojú ìwé méjì. Ní ọdún kejì mo tún gba ibẹ̀ kọjá. Ìyá àgbà kan dá mi mọ̀, ó ní: "Ọmọ mi, orúkọ wa tí ẹ kó lọ níjọ́sí, kí ni ẹ fi ṣe?" N kò ní èsì. Ìwé náà ti sọnù, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó padà lọ kọ́ wọn ní Àdúrà Olúwa.

Nítorí náà, ẹ máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kí àwọn àgbà, kí ẹ sì gbọ́ tẹnu wọn. Ẹ wá ẹni tí yóò dúró tì wọ́n, tí yóò dá kíláàsì ìrìbọmi sílẹ̀, tí yóò kọ́ ọmọ wọn ní ìwé kíkà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí kò bá sì ní padà lọ, kí ó má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.