“Take” Òyìnbó ń dààmú ará Ṣáínà



Bí ará Ṣáínà bá ní òun fẹ́ “eat medicine”, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Orí ẹ̀ ò dàrú. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn nìyẹn: chī yào, jẹ oògùn. Àwa ní a lo oògùn. Òyìnbó ní “take”.

“Take” yìí ló ń jẹ́ kí ojú wọn rí màbo. Èdè òkèèrè wà nínú ìdánwò ìwọlé yunifásítì wọn, èyí tí wọ́n dá padà lọ́dún 1977, Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń ṣe. Ọmọ á kọ́ ọ sórí pé “take” ni ná, ìyẹn kéèyàn fọwọ́ mú nǹkan. Ó parí! Lọ́jọ́ tó bá wá gbọ́ “take a bus”, ṣé kó fọwọ́ gbé bọ́ọ̀sì ni? Àwa ń wọ ọkọ̀, àwọn ní àwọn ń jókòó ọkọ̀. “Take off” tún burú jù: èèyàn bọ́ bàtà, bàálù gbéra, ọ̀rọ̀ kan náà! Ará Ṣáínà ní tuō fún bàtà, ó ní qǐfēi fún bàálù, bó ṣe yàtọ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà.

Èyí tó kan àpò ni “I’ll take it”. Oníbàárà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti rà á tán, owó ló kù kó san. Ọlọ́jà ará Ṣáínà tó bá rò pé ó kàn fẹ́ gbé e wò ni, á tún máa dín owó fún ẹni tó ti gbà láti san án pé. Ẹ ò rí i pé àdánù gidi nìyẹn?

Ṣùgbọ́n kí ni àwa náà fẹ́ sọ? À ń jẹ ẹ̀bà, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè, à ń jẹ ìyà. Ẹ wá gbé “eat” lé gbogbo ẹ̀ kí ẹ wò ó! Nínú ti jíjẹ yìí, ará Ṣáínà sún mọ́ wa ju òyìnbó lọ: ẹni tó bá pàdánù, wọ́n ní ó jẹ àdánù, ẹni tó ń jìyà, ó ń jẹ ìkorò, ẹni tó bá ń jowú olólùfẹ́ rẹ̀, wọ́n ní fínígà ló ń jẹ. (Orogún mélòó ni ì bá ti mu ún tán!)

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ “take”, kó má kọ́ òun nìkan. Kó kọ́ ọ pẹ̀lú ohun tó ń tẹ̀ lé e: ti oògùn lọ́tọ̀, ti ọkọ̀ lọ́tọ̀, ti fọ́tò lọ́tọ̀. Èyí tó máa rọ̀ wá lọ́rùn jù ni “it takes two days”, torí àwa náà ní ó gba ọjọ́ méjì.