Ẹ San Owó Wọn Kí Ẹ Tó Gbàdúrà Lé Wọn Lórí

Ẹ̀yin tí ẹ gba òṣìṣẹ́ ni mo ń bá wí.

Ẹ ní àwọn òṣìṣẹ́ yín ti ìsinmi ọdún dé, ọwọ́ wọn kò yá mọ́ṣẹ́. Ẹ kó wọn jọ láàárọ̀, ẹ ń bá ẹ̀mí ọ̀lẹ wí. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ti san owó oṣù Kejìlá? Ẹni tó yá owó ọkọ̀ kó tó dé ibi iṣẹ́, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì ń dúró dè é, báwo ni ara rẹ̀ yóò ṣe yá gágá? Deuteronomi 24:15 pàṣẹ pé kí a san owó alágbàṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà pẹ̀lú fún ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú.

Lóòótọ́, ọ̀lẹ wà. Ṣùgbọ́n ẹ san gbèsè ná. Ẹ bi wọ́n léèrè ilé, ẹ dúpẹ́ iṣẹ́ èṣí, ẹ má di gbogbo ẹrù rù wọ́n lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbàdúrà. Ẹ ó gbọ́ bí àmín wọn yóò ti dún tó.