Ìwé Ìnṣọ́ránsì Kì í Ṣe Ohun Tí A Ń Fi Han Ọlọ́pàá Lásán

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ sọdá Táíwò Road ní Ìlọrin lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí mọ́tò bá ya wọ ìsọ̀ yín, tó ba ọjà yín jẹ́, ta ni yóò san án?

Nítorí èyí ni òfin fi pàṣẹ, láti ayé Òyìnbó, ní 1945, pé mọ́tò kò gbọdọ̀ rìn láìní ìnṣọ́ránsì. Láti January 1, 2023, owó rẹ̀ fún mọ́tò àdáni kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yóò sì san tó ₦3,000,000 fún dúkìá ẹlòmíràn tí mọ́tò náà bá bàjẹ́. Láti February 1, 2025 ni ọlọ́pàá sì ti ń yẹ ìwé náà wò káàkiri Nàìjíríà.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ayédèrú ìwé yóò fi í han ọlọ́pàá, yóò sì kọjá lọ. Ọjọ́ tó bá gbá ọmọ ọlọ́mọ ni àṣírí yóò tú. Tálákà tó fara pa ni yóò wá jẹ gbèsè ọsibítù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, awakọ̀ tí wọ́n gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ nítorí pé ó mutí wakọ̀ kò lè fi ẹnu lásán gbà á padà. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìwé kan tí wọ́n ń pè ní SR-22 ránṣẹ́ sí ìjọba, fún ọdún 3 lọ́pọ̀ ìgbà. Bí awakọ̀ náà bá ṣíwọ́ owó sísan, wọ́n á sọ fún ìjọba, láísẹ́ǹsì á sì tún lọ.

Tiwa ńkọ́? FRSC náà lè gba láísẹ́ǹsì awakọ̀ tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀. Ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì awakọ̀ tálákà ni oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀nà tó tọ́ láti gbà á padà kò bá hàn kedere, ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà, yóò sì tún wakọ̀ bó ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀: kí wọ́n lẹ owó ìtanràn àti ọ̀nà gbígba láísẹ́ǹsì padà mọ́ ògiri ọ́fíìsì, ní èdè tí ará Kwara gbọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò yín yẹ ìwé yín wò nínú àkójọ NIID, kí ẹ lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ bi í: kí ni yóò ṣe sí i? Ẹ má jẹ́ kó lọ láìdáhùn.