Ìbọn Ìléwọ́ Àtijọ́: Àtúnṣe ni Tàbí Ìpààrọ̀? Àyẹ̀wò Ìpinnu Àwọn Ọmọ Ogun Amẹ́ríkà

Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìbọn pa ọmọ ogun òfúrufú kan ní ibùdó F. E. Warren ní ìpínlẹ̀ Wyoming, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìbọn ìléwọ́ M18 ni. Ẹ̀ka ọmọ ogun tí ó ni ibùdó náà pàṣẹ pé kí a dá lílo M18 dúró, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n mú ọmọ ogun mìíràn lórí ikú náà, ìbọn náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àtijọ́ kan ti jí dìde: ǹjẹ́ ó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ ìbọn tí ó wà ṣáájú rẹ̀ rárá? Owó ará ìlú ni wọ́n ná sí i, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ìlú kankan tí ń san owó orí. Nítorí náà ni a ṣe tú u palẹ̀ níhìn-ín.

Ìbọn tí ó wà ṣáájú ni Beretta M9, tí ó gba ipò M1911 ní ọdún 1985. Ọta 7 ni ilé ọta M1911 ń gbà. Ti M9 ń gba 15. Kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Irin òkè ìbọn náà, èyí tí ń sún sẹ́yìn nígbàkígbà tí ó bá yìn, ń ṣẹ́ mọ́ àwọn kan lọ́wọ́, ó sì ń fò bá wọn lójú. Wọn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kó o dànù. Wọ́n fi irin kékeré kan tí orí rẹ̀ fẹ̀ sí inú rẹ̀, kí ó lè dá irin òkè dúró bí ó bá tilẹ̀ ṣẹ́. Nígbà ogun Ìráàkì, yanrìn ń há ìbọn náà. Ìwádìí fi hàn pé ilé ọta tí agbaṣẹ́ṣe kan pèsè ni ó ń kó yanrìn sára. Wọ́n pààrọ̀ ilé ọta, wọ́n fi ìbọn sílẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Beretta tún mú M9A3 wá: ilé ọta gba 17, èkù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, àyè sì wà láti so iná mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ogun kọ̀ ọ́. Lójú tiwa, wọn kò ṣìṣe. Èkù titun àti ilé ọta titun kò lè sọ egungun ìbọn tí ó ti gbó di ọ̀tun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn M9 náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni ìbọn tí a lè pààrọ̀ èkù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó ṣe tóbi tó, láìjẹ́ pé a ra odindi ìbọn mìíràn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni ó mú ìjà wá. Ní ọdún 2016, Ọ̀gágun Mark Milley, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà náà, fi ẹ̀hónú hàn ní gbangba pé ìwé tí ó ṣàlàyé irú ìbọn tí wọ́n fẹ́ ju ojú ìwé 350 lọ, àti pé àyẹ̀wò yóò jẹ ọdún méjì àti mílíọ̀nù 17 dọ́là. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, àwa náà sì mọ bí ìwé ìjọba ti í pọ̀ tó! Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, SIG Sauer gba iṣẹ́ náà, iye tí ó lè tó mílíọ̀nù 580 dọ́là. Glock pe ìpinnu yìí níjà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń yẹ ìnáwó wò dá ẹjọ́ rẹ̀ nù. Iye owó SIG fi ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là dín sí ti Glock.

Síbẹ̀, ní ọdún 2017 yìí kan náà, àyẹ̀wò fi hàn pé ìbọn titun náà lè yìn bí ó bá já bọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi ohun ìfà tí ó fúyẹ́ rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní oṣù Kọkànlá. Àyẹ̀wò tí ọ̀gágun ń ráhùn sí irú rẹ̀ ni ó tú àṣírí yìí. M17 ni wọ́n pè é. M18 tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni àbúrò rẹ̀ tí ó kúrú.

Nílé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin Ohun Ìjà ti ọdún 1959, tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun ìjà tí a fòfin dè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní in láìgba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ, òfin kò sì fún àgbẹ̀dẹ ìgboro láyè láti tún un ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá rí irú rẹ̀ nínú àpótí baba tí ó ti kú, kí ó má fọwọ́ kàn án, kí ó má sì gbé e kiri. Kí ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà, kí ó sì lọ sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó súnmọ́ ọn jù lọ.